Sálúbàtà Ni Mo Wọ̀ Wálé

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ti jẹun ọ̀sán, mo ti kírun ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn àpótí òwú, mo sì ti padà sídìí máṣíìnì mi kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti wà ní Jàpáàn, ilẹ̀ ti mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi lọ́pọ̀ ìgbà débi pé mi ò kà á sí mọ́. A ó dúró díẹ̀, a ó wo ojú ara wa, a ó tún máa bá iṣẹ́ wa lọ. Ti ọjọ́ yìí kò dáwọ́ dúró. Máṣíìnì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ ń jó, òwú ń já bọ́ láti orí pẹpẹ. Ọ̀gá wa obìnrin ní kí gbogbo wa wọ abẹ́ tábìlì. Mo wọ ibẹ̀, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú, mo ń ka Kúlúwà, mi ò sì mọ iye ìgbà tí mo kà á kí ilẹ̀ tó rọlẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Mushin ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí bàbá bàbá mi kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Télọ̀ ni bàbá mi náà. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní iwájú ilé, màámi sì máa ń ta òwú, bọ́tìnì àti sípì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó ń kó mọ́tò tokunbo ló mú mi dé Jàpáàn. Iṣẹ́ mọ́tò kò bá mi lára mu, ni mo bá wá iṣẹ́ tí mo mọ̀ lọ. Mo rí i ní ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ìyá àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì ló fún mi ní yàrá kan nínú ilé wọn. Ọkọ wọn ti kú, wọn kò sì bímọ. Màmá ni mo ń pè wọ́n, wọ́n sì ń dáhùn.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́míìkì ṣe iná mànàmáná wà ní ìsàlẹ̀, létí òkun níbẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá mọ́, mo máa ń rí ṣóńṣó òpó rẹ̀ láti fèrèsé yàrá mi. Mi ò fi ọkàn sí i rí. Èmi tí mo dàgbà sínú ariwo jẹnẹrétọ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé iná wọn kì í lọ.

A ò rí omi òkun tó ya wọ ìlú lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì náà, torí orí òkè la wà. Ariwo rẹ̀ la gbọ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin gígùn bá ń kọjá nítòsí Ìdó tí ilẹ̀ sì ń gbọ̀n tìtì. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, mo rìn dé ibi tí ọ̀nà ti máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí etíkun, mi ò bá ọ̀nà náà mọ́. Ọkọ̀ ojú omi kan dùbúlẹ̀ sí àárín oko ìrẹsì. Mi ò wò ó pẹ́. Mo yíjú padà, mo gba ẹ̀yìn lọ sílé.

Màmá ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ògiri ilé ti là, fèrèsé yàrá mi ti fọ́, ṣùgbọ́n ilé náà dúró.

"Ṣé o ti jẹun?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ń lọ káàkiri àdúgbò. Wọ́n ní ká kúrò nílé, ká máa lọ sí apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀. Wọn kò ṣàlàyé púpọ̀. Màmá mú omi, wọ́n mú ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo bi wọ́n pé ṣé kí a kó aṣọ díẹ̀. Wọ́n ní a ó ti padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. A wọ mọ́tò kékeré wọn, a tò sẹ́yìn àwọn mọ́tò mìíràn. Kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Lẹ́yìn ọ̀sán ni rédíò inú mọ́tò sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ilé tó wà ní ilé iṣẹ́ iná náà ti bú gbàmù. Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí nǹkan kan. Kò sí èéfín, kò sí òórùn. Oòrùn ń ràn sórí òkè bó ṣe máa ń ràn.

Yàrá ńlá kan ní ilé ìwé ni wọ́n kó wa sí. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan mú nǹkan kan tó rí bí áyọ́ọ̀nù kékeré lọ́wọ́, ó ń fi í kọjá lára ẹni kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kó kanni. Ó ń ké kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó kọjá ní orí mi, àyà mi àti ọwọ́ mi méjèèjì. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ mi, igbe náà yára. Ọkùnrin náà fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé kí n bọ́ bàtà mi. Ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó di í, ó fún mi ní sálúbàtà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa, pé wọ́n ti yẹ̀ mí wò, pé mo lè wọlé.

A gbé níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n pín oúnjẹ, a tẹ́ páálí sílẹ̀, a sùn lé e. Àwọn aláàánú kó bàtà wá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba ẹsẹ̀ mi. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sọ fún mi pé pátákó kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ wọn sí, èyí tí wọ́n máa ń fi oúnjẹ síwájú rẹ̀ láràárọ̀, ó ṣì wà nílé. "Mo rò pé a ó tètè padà ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń na etí aṣọ ìbora wọn títí ó fi gún régé.

Ọjọ́ kẹrin ni ìpè mi tó wọlé sí Mushin.

"Ṣé omi ò gbé ẹ?" Màámi ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Omi ò dé ọ̀dọ̀ wa, Màámi. Ilé iṣẹ́ iná ló bàjẹ́."

"Ṣé ó ń jó ni?"

"Kì í ṣe jíjó bí ẹ ṣe ń rò ó. Nǹkan kan ló ń jáde níbẹ̀. A kì í rí i, kì í sì í rùn."

"Tí ẹ ò bá rí i, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ ti kúrò níbi tó wà?"

Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ wọn. "Máa bọ̀ nílé," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wa ló bá mi ṣètò ìwé ọkọ̀ òfuurufú. Màmá sìn mí dé ibùdókọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, wọ́n tẹríba fún mi lọ́nà tiwọn. Mo dọ̀bálẹ̀ lọ́nà tèmi, lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì, àwọn èèyàn sì dúró wò wá. Màmá fọwọ́ kan èjìká mi pé kí n dìde, aṣọ mi máa dọ̀tí. Nígbà tí mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì ni omi wá bọ́ lójú mi.

Sálúbàtà ilé ìwé yẹn ni mo wọ̀ dé Èkó. Màámi wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

Mo rò pé tí mo bá ti délé, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti dé Mushin ṣáájú mi. Gbogbo àdúgbò ló ti rí omi òkun yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti rí àwọn aláṣọ funfun, wọ́n sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọmọ télọ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n ń kí mi dáadáa, wọ́n ń bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ láti òkèèrè ni. Tí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì á di tèmi nìkan. Ìyàwó kan ń gbé nínú yàrá tó kọjú sí tiwa nígbà náà, oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún. Tó bá rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á padà sínú yàrá títí màá fi kọjá. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o. Oyún yìí ni."

Mo ní mi ò bínú. Òtítọ́ sì ni. Èmi náà ń sá fún un. Tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, mi ò ní jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, èmi àti Màámi ń to bọ́tìnì sínú ìgò, wọ́n bi mí, wọn ò gbójú sókè. "Ṣé ó lè ran èèyàn, ohun tó wà níbẹ̀ yẹn?"

Mo ronú bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Mo ní, "Màámi, ẹ wo káńfọ̀ tí ẹ máa ń kó sínú àpótí aṣọ. Tí ẹ bá kó aṣọ jáde, òórùn rẹ̀ wà lára aṣọ. Ẹ lè fọ̀ ọ́, ó máa lọ. Àmọ́ aṣọ náà kò di káńfọ̀. Kò lè lọ kó òórùn bá aṣọ ilé ẹlòmíràn lẹ́yìn tí ẹ ti fọ̀ ọ́."

"Wọ́n sì ti fọ̀ ẹ́."

"Wọ́n ti yẹ̀ mí wò. Mo ti wẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ìgbà."

"Èyí tó bá ti wọ inú ńkọ́?"

"Èmi náà ò mọ̀, Màámi."

Wọ́n mi orí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n bu oúnjẹ èmi àtiwọn sínú abọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí mo ti di géńdé, a kì í jẹun pọ̀ mọ́. A jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́ wọn, wọ́n dìde lọ kírun.

Bàbá fi mí sídìí máṣíìnì kejì ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni pé mi ò lọ sí ibì kankan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà kan tó ti ń rán aṣọ lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé kó yáàdì márùn-ún wá. Ó fẹnu sí Bàbá létí, àmọ́ mo gbọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yín tó ti ibi bọ́ǹbù yẹn dé má fọwọ́ kan tèmi."

Bàbá ká aṣọ náà bó ṣe wà, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. "Èmi àti òun la jọ ń ránṣọ níbí," ni wọ́n wí. Ọkùnrin náà gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo sọ fún Bàbá pé kí n máa lọ wá iṣẹ́ sí Yaba, kí wọ́n má bàa pàdánù oníbàárà nítorí mi. Bàbá ní, "Ìwé tí wọ́n fún ẹ níbẹ̀ dà?"

Mo lọ mú un wá. Bàbá wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa òǹtẹ̀ pupa náà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti fi gíláàsì sí i, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹgbẹ́ àwọn télọ̀. Kò sí ẹnì kan ní gbogbo òpópónà wa tó lè ka ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èmi. Ohun tí mi ò sì rò ló ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ni, pé ọmọ télọ̀ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ yanjú lókè òkun, wọ́n sì fún un ní ìwé. Obìnrin kan mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, ó nawọ́ sí i: "Ṣé o rí i? Wọn kì í fún gbogbo èèyàn." Bàbá tẹ orí ba aṣọ tí wọ́n ń gé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán mo ní, "Bàbá, ẹ ò sọ fún wọn."

"Wọn ò bi mí."

"Ṣùgbọ́n irọ́ ni."

"Kí ló wà nínú rẹ̀? Ṣe pé wọn ò rí nǹkan lára rẹ?"

"Òun ni."

"Kí ni mo tún fẹ́ sọ?" Wọ́n tún mú síṣọ́ọ̀sì wọn.

Iṣẹ́ ń wọlé. Ẹni tó bá bi èmi fúnra mi, mo máa ń sọ òótọ́ fún un. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé aṣọ wọn sílẹ̀ síbẹ̀. Méjì tàbí mẹ́ta kò padà wá.

Ó tó oṣù mélòó kan kí Màmá tó pè mí láti Jàpáàn. Wọ́n ti fún wọn ní ilé kékeré kan ní ìlú mìíràn. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ jẹ́ kí àwọn onílé wọ ìlú wa fún wákàtí méjì, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, àpò ọ̀rá kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lè kó jáde. "Kí ni kí n bá ọ mú nínú yàrá rẹ?"

Mo ní kí wọ́n má mú nǹkan kan, kí wọ́n kó tiwọn. Bàbá bi mí ẹni tó ń pè, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Wọ́n ní, "Sọ fún ìyá yẹn pé àwòrán ọkọ wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Aṣọ ò lópin." Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá ní kí n bá àwọn kí bàbá mi.

Nígbà tí wọ́n tún pè, ohùn wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n ti mú pátákó orúkọ ọkọ wọn jáde, wọ́n mú àwòrán méjì. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mú bùbá mi tó wà lára ìṣó, èyí tí Bàbá rán fún mi kí n tó lọ, tí mi ò wọ̀ ju ọjọ́ ọdún lọ. Láti ara fèrèsé tó fọ́, òjò àti eruku ti wọ yàrá náà. Ní ẹnu ibodè, ẹ̀rọ náà ké lára rẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Mo bẹ̀ wọ́n," ni Màmá wí. "Wọn ò gbà. Má bínú." Mo ní aṣọ ni, kò tó nǹkan. Mo ń sọ ọ́, mo sì ń rántí bó ṣe rí lára ìṣó náà.

Ọdún náà kò tíì parí tí ẹrù kan fi dé fún mi. Mo lọ gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Yaba. Nígbà tí mo gbé e délé, Màámi ò jẹ́ kó wọlé. Wọ́n ní kí n gbé e sí abẹ́ àtẹ̀gùn lóde. Ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ṣàlàyé pé ìlú tí Màmá ń gbé báyìí kì í ṣe ìlú tó bàjẹ́. Màámi ní àwọn ò sọ pé irọ́ ni mo pa.

Bàbá ló mú síṣọ́ọ̀sì jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n gé okùn rẹ̀. Bùbá ni. Aṣọ tuntun, aláró, ó dúdú minimini. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀. Màmá kọ ọ́ pé àwọn rántí gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀, torí àwọn ni àwọn máa ń bá mi sá a. Máṣíìnì àwọn wà nílé tí àwọn ò lè dé mọ́, nítorí náà ọwọ́ ni àwọn fi rán an.

Bàbá gbé e lọ sí ojú oòrùn. Wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n fi àtàńpàkò tọ ojú rírán rẹ̀ láti abíyá dé ìsàlẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò rí bíi tiwa. Màmá là á láti òkè délẹ̀, wọ́n fi okùn méjì sí i bí aṣọ ilẹ̀ wọn.

"Wọn ò mọ̀ pé orí la máa ń gbà wọ̀ ọ́," ni mo wí. "Ṣé kí n tú u, kí n tún un ṣe?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bàjẹ́?" Bàbá ká a, wọ́n gbé e fún mi. "Ọwọ́ ìyá yìí mọ́. Kí o wọ̀ ọ́ lọ kírun ọdún."

Mo wọ̀ ọ́ ní Iléyá. Okùn rẹ̀ ń tú, mo ń so ó.

Ìyàwó tó ń gbé iwájú wa ti lọ bímọ ní ilé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn odi Èkó, ó sì ti padà. Ọmọbìnrin ni, ó sanra. Mi ò tíì gbé e rí. Mo máa ń kí i láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ní àárọ̀, mo ń kọjá lọ síwájú ilé, ìyàwó náà gbé ọmọ sápá, epo tó gbé kaná ń rú èéfín. Kò tiẹ̀ wo ẹni tó ń kọjá. "Ẹ bá mi gbé e," ó sọ ọmọ sí mi lápá, ó sá lọ sídìí sítóòfù. Mo dúró gbagidi. Ọmọ náà wò mí, ó di etí aṣọ mi mú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé epo kúrò tó yíjú padà, ó rí i pé èmi ni. Ó fi ìró nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ dì í mú díẹ̀ sí i, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bẹ àlùbọ́sà."

Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Èmi ni mo ń rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

Bàbá ti dolóògbé. Màmá ṣì wà ní ìlú kejì yẹn. Nígbà tí ìjọba ní apá kan ìlú wa ti mọ́ tó láti padà sí, wọ́n lọ wò ó. Wọ́n ní igi ti wọ inú ilé ìdáná, àwọn ọ̀dọ́ ò sì padà, ni àwọn náà bá jẹ́ kí wọ́n wó ilé náà. Wọ́n sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́, wọ́n wá béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ ní Èkó.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń lọ sí ọsibítù kan ní Surulere kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ. Èmi ni mo yàn án fún ara mi. Dókítà tó wà níbẹ̀ báyìí kéré sí mi. Ní ọdún yìí, ó wo èsì náà, ó ní kò sí ohun tí òun rí, ó wá fi báírò lu tábìlì díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń wá gan-an?"

Mo ní mi ò mọ orúkọ rẹ̀ lédè Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó tí mo fẹ́ lẹ́yìn tí mo ti Jàpáàn dé ń dúró dè mí níta, ó ti ra ẹ̀pà. A rìn lọ sí Ojúẹlẹ́gba ní ẹsẹ̀, torí kò jìnnà, a sì ń jẹ ẹ̀pà náà lọ.